Àdùkẹ́, Wo Eré Rẹ̀ Kí O Tó Dá A Padà Sílé

Old Jeshwang, lẹ́bàá Banjul
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun Àsárì

Àdùkẹ́, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ láti ilé tí o mọ gbogbo igun rẹ̀. Bàbá rẹ wà ní àlàáfíà. Ó ṣì ń ta aṣọ ní Albert Market, ó ṣì ń bá àwọn oníbàárà jà ní èdè Wolof lórí ọ̀pá aṣọ kan, wọn yóò sì jọ rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó túká. Èmi náà wà, kíláàsì mi wà. Afẹ́fẹ́ òkun ti ń tutù ní ìrọ̀lẹ́ báyìí. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nítorí pé ojú mi kì í kúrò lára rẹ̀ tí mo bá ń kọjá. Mo gbé e sí yàrá kejì, ojú mi bá a lọ síbẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lórí ìdúró, mo tún jókòó kà á. Inú mi dùn pé ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹni tó fún irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ yìí, ilé àwọn òbí ló ń rò, kò ro ti tíṣà rárá. Ilé tiwọn yóò sinmi, ìwọ kò ní sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ kan tí o kọ sí mi ni kò kúrò lọ́kàn mi.

O ní ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà lọ́dọ̀ rẹ tó ń jẹ́ Múfútáù. Ìyá àgbà rẹ̀ ló ń mú un wá láràárọ̀, nítorí pé ìyá rẹ̀ ń ṣòwò ní Àbíjàn. Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé, kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré rí. Ó máa ń dúró sẹ́bàá ògiri, yóò to ìdérí ìgò sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, yóò tú u ká, yóò tún un tò. Ọ̀gá yín ní orí rẹ̀ kò pé, ó ní kí o kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìròyìn rẹ, kí wọ́n lè dá a padà sílé nígbà tí táàmù bá parí. Ọwọ́ rẹ ni ọ̀rọ̀ ọmọ náà wà báyìí. O wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Màámi, ó ti sú mi. Kí ni kí n ṣe?"

Mi ò lè wá jókòó tì ọ́ ní Ìbàdàn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti tábìlì yìí láti kọ ohun tí mo mọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí o lè máa padà sí i. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ọ̀gá rẹ lọ. Mo kàn ti ṣi iṣẹ́ yìí ṣe jù ú lọ ni.

Èkínní, wo eré kí o tó ṣètò ẹ̀kọ́.

Nígbà tí mo dé Banjul, tí wọ́n ṣì ń pè é ní Bathurst, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà. Kò sí ẹni tó ń wá onímọ̀ ìtàn, àmọ́ wọ́n ń wá ẹni tí yóò mójú tó àwọn ọmọ tí kò tíì tó ọdún ilé-ìwé. Mo gbà á. Mo mú ìwé gbàǹgbà kan, mo fa ilà sí i, mo pín àárọ̀ sí wẹ́wẹ́: àkókò kíka nǹkan, àkókò orin, àkókò àwòrán. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó dára lójú, àfi bí ẹni pé kò sí ọmọdé kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Àwa méjì ni a jọ ń kọ́ wọn. Èkejì mi ni Àǹtí Hánà, ọmọ Aku, nínú àwọn ìdílé tó ti pẹ́ nílùú yìí, tí àwọn baba ńlá wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran Yorùbá, wá láti Freetown. Láràárọ̀ ni ó máa ń kí mi pé, "Kúṣẹ̀." Ẹ kú iṣẹ́ wa náà ni. Àwọn baba ńlá rẹ̀ gbé e kọjá òkun, etí rẹ̀ ti gé díẹ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n tiwa ni. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, mo yíjú sí pátákó, mo ń pa ohun tí kò sí níbẹ̀ rẹ́.

Lọ́jọ́ kan mo jáde lọ mú ṣọ́ọ̀kì. Kí n tó padà, àwọn ọmọ ti da gbogbo àga dé, wọ́n ti tò wọ́n sí ìlà méjì. Ọmọkùnrin kan wà lórí tábìlì tó ń pariwo pé, "Ẹ sún síwájú! Ẹ sún síwájú! Olówó ewúrẹ́ dà?" Òmíràn wà lórí ìkúnlẹ̀ àti ọwọ́, ó ń ké bí ewúrẹ́. Ọmọbìnrin kan ti gbé báàgì mi lé orí, ó ń polówó ẹja. Ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò lọ sí Barra ní òdìkejì odò ni wọ́n ń ṣe. Wolof ni wọ́n ń sọ, mo kàn ń yí i padà fún ọ ni.

Mo jágbe mọ́ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àga dìde. Ọ̀kan nínú wọn wo ẹsẹ̀ mi pẹ̀lú àánú, ó ní, "Tíṣà, inú omi lẹ dúró sí o."

Àǹtí Hánà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìdí ilẹ̀kùn mú. Ó ní, "Arábìnrin, jáde nínú omi. Ṣé o fẹ́ kú sọ́wọ́ wa ni?"

Mo gbé àga wọn dìde tán, mo sì kọ́ wọn ní oókan sí ẹẹ́wàá. Kò sí ẹni tó fetí sílẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni mo wá rí i pé oókan sí ẹẹ́wàá wà nínú ọkọ̀ náà kí n tó fọ́ ọ. Wọ́n ń ka èrò. Wọ́n ń fi ẹni tó wúwo sí àárín. Wọ́n ń dúró de ara wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n láti ọjọ́ yìí wá pé kí wọ́n sọ. Ní ọjọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo da àga dé. Mo fi ohun kan ṣoṣo kún un: ọpọ́n omi kan, pẹ̀lú àfọ́kù igbá àti òkúta, kí wọ́n wo èyí tó léfòó àti èyí tó rì. Lẹ́yìn náà mo bọ́ sẹ́yìn. Àwọn ni wọ́n ṣe ìyókù.

Ètò tó dára nìyẹn, Àdùkẹ́. Bá ọmọ níbi tó wà, fi ohun kan kún un, bọ́ sẹ́yìn. Bí o bá fi ohun mẹ́ta kún un, eré tìẹ ni, kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Ìkejì, ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o kọ. Má kọ ìdájọ́.

Ọmọ méjì wà lọ́dọ̀ mi nígbà kan, Lámín tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Jola àti Kúmbà tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yà Serer. A da yanrìn sí ẹ̀yìn kíláàsì, ibẹ̀ sì ni ilé wọn. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí Kúmbà sọ pé, "Ẹrú mi, lọ bu omi wá."

Lámín ní, "Ìwọ gan-an ni ẹrú! Bàbá mi ló ra bàbá rẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń jẹ ìrẹsì onílé tán!"

O mọ ilé tí a ti wá. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, bí ẹnìkan bá pe ọmọ ẹlòmíràn ní ẹrú, ọ̀rọ̀ ti di ti àgbà. Ìgbéyàwó ti tìtorí rẹ̀ tú ká. Ara mi gbóná. Mo fa Lámín sọ́tùn-ún, mo fa Kúmbà sósì, mo ní wọn kò gbọdọ̀ jókòó pọ̀ mọ́. Mo wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Kúmbà àti Lámín ń bú ara wọn. Wọn kò ní ẹ̀kọ́ ilé."

Láti ọjọ́ náà, Lámín kò jẹ búrẹ́dì rẹ̀ mọ́. Kúmbà, tí kì í tọ̀ sára, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára. Kò sí ẹni tó lọ sí ìdí yanrìn. Mo rò pé ìbáwí mi ló ń ṣiṣẹ́.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ni bàbá àgbà Kúmbà wọlé wá, ọkùnrin gíga kan tó ń ṣòwò ẹja. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Tíṣà, wọ́n ní ẹ gba ẹrú ọmọ-ọmọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. Ta ni yóò máa bu omi fún un báyìí?"

Kí n tó lanu, ohùn obìnrin kan ti ẹnu ọ̀nà wá. Ìyá àgbà Lámín ni, tó wá mú ọmọ rẹ̀. "Ẹrú ta ni? Ẹ gbọ́ arúgbó yìí! Ta ló ra fìlà tó wà lórí rẹ? Wá fọ abọ́ mi kó o tó lọ."

"Abọ́ wo? Èyí tí o ti lá mọ́?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń béèrè ara ilé lọ́wọ́ ara wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo dúró bí ẹni tí òjò pa lójijì.

Àwọn ni wọ́n ṣàlàyé fún mi. Àwọn Jola àti àwọn Serer gbà pé ìbátan ni àwọn. Wọ́n ní obìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wọ ọkọ̀ ojú omi kan náà. Ìjì jà, ọkọ̀ là sí méjì. Apá kan gbé ẹnìkan lọ sí àríwá, apá kejì gbé ẹnì kejì lọ sí gúúsù. Láti ìgbà náà, níbi tí ọmọ àwọn méjèèjì bá ti pàdé, èébú ni wọ́n fi ń kí ara wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ bínú. Ẹni tí o lè pè ní ẹrú rẹ ni ẹni tí kò lè kọ̀ ọ́ lọ́jọ́ ìṣòro. Ìyá àgbà náà ní, "Tíṣà, bí kò bá bú u, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹbí òun ni?"

Ohun tí etí mi gbọ́ kì í ṣe irọ́. Ìtumọ̀ tí mo gbé wá láti Ìjẹ̀bú ni mo fi wọ̀ ọ́. Nígbà tí mo padà wo ohun tí mo kọ, mo rí i pé mo kọ èébú, mi ò kọ ọ́ pé Lámín ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń dáhùn. Mi ò sì kọ ọ́ pé ó dìde lóòótọ́, tó lọ bu omi náà wá. Ojú mi rí i, ọwọ́ mi fò ó. Gbogbo ọdún tí mo fi ka ìtàn, ohun tí wọ́n kìlọ̀ fún wa jù nìyẹn: má yọ ẹlẹ́rìí tí kò bá ọ sọ ohun tí o fẹ́ gbọ́ kúrò.

Wàyí o, gbé lẹ́tà rẹ sí mi wò. O pe Múfútáù ní olóríkunkun. O ní kò fẹ́ràn ẹgbẹ́. O ní ó ń dá wà bí àlejò. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìdájọ́ ni. Ohun kan ṣoṣo tí o rí tí o sì kọ ni ìdérí ìgò, o kò sì sọ tó nípa rẹ̀. Báwo ló ṣe ń tò wọ́n? Ṣé ó ń ya àwọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn? Ṣé ètè rẹ̀ ń mì nígbà tó ń tò wọ́n? Bí ọmọ kan bá tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, ṣé ó ń sunkún ni, àbí ó ń dúró kí ó kọjá? Ta ni ó máa ń wò? Ọmọ tí kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré sábà máa ń ní ẹnìkan tó ń wò, bí o bá sì mọ ẹni náà, o ti rí ìdajì iṣẹ́ rẹ.

Ìkẹta kò gùn: jókòó sílẹ̀. Ẹni tó dúró kò lè rí eré ọmọdé, àtàrí wọn ni yóò máa rí. Bọ́ bàtà gíga tí o rà yẹn. Mo mọ̀ pé ó bá ọ mu.

Ìkẹrin, ohun èlò. O ní ilé-ẹ̀kọ́ yín kò ní nǹkan. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan rí ní Fajara, níbi tí àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ń gbé, mo rí igi kéékèèké oríṣiríṣi tí wọ́n kùn, tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Ọkàn mi fà sí i tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò lè bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà tí a fi ń bọ̀ wálé. Nígbà tí mo délé, mo fọ ìkarahun tí àwọn obìnrin ń kó láti inú odò, mo dà á sínú apẹ̀rẹ̀. Mo gba àjákù aṣọ lọ́wọ́ bàbá rẹ, ó ní, "Ṣé ọjà mi lo fẹ́ fi kọ́ wọn níwèé ni?" Ó fún mi ní èyí tó dára jù. Títí di òní, ìkarahun yẹn ti jẹ́ owó, ó ti jẹ́ ẹja, ó ti jẹ́ àwo, ó ti jẹ́ mọ́tò. Igi Fajara yẹn, ilé nìkan ló lè dà. Múfútáù sì ti bá ọ wá ohun èlò: ìdérí ìgò ni.

Nítorí náà, má pè é wá sínú ẹgbẹ́. Gbé ẹgbẹ́ lọ bá a, díẹ̀díẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, da ìdérí ìgò mìíràn sí ilẹ̀, kì í ṣe níwájú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni. Fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí àárín, tí ó lè di afárá tàbí ọ̀nà. Yan ọmọ kan tí kì í pariwo, sọ fún un pé kó máa ṣe tirẹ̀ níbẹ̀. Ìwọ jókòó sẹ́yìn, má sọ̀rọ̀. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ lónìí, tún un ṣe lọ́la. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ti ọ̀gá rẹ, má bá a jiyàn lójú àwọn tíṣà yòókù. Ẹni tó ju ni lọ ju ni lọ, àti pé ó ṣeé ṣe kí àwọn òbí mìíràn máa fòró òun náà. Lọ bá a nígbà tó bá dá wà. Kúnlẹ̀ dáadáa, má ṣe èyí tí ẹ ń ṣe lóde òní bí ẹni tó fẹ́ mú nǹkan nílẹ̀. Sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì rí i tó láti kọ ọ́. Ẹ fún mi láàyè díẹ̀ sí i, kí n má baà fi orúkọ mi sí ohun tí mi ò mọ̀." Bí ó bá kọ̀, fi ohun tí o ti rí hàn án, ní ọjọ́ àti wákàtí tí o rí i. Ènìyàn lè bá èrò rẹ jà, ó ṣòro kí ó bá ohun tí ojú rẹ rí jà. Bí ó bá tún kọ̀, àdúrà ló kù, ṣùgbọ́n ìwọ má fọwọ́ rẹ kọ ọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni mo ti ń sún síwájú láti òkè ìwé yìí wá.

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọ́ nígbà tí mo tẹ̀ lé bàbá rẹ wá síbí. Ìyá mi ní kí n fi ọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun ní Ìjẹ̀bú-Òde títí a ó fi fìdí múlẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe nìyẹn, kò sì sí ẹni tó kà á sí nǹkan. Ọdún mẹ́rin ló gbà. Ní gbogbo ọdún yẹn, mo ń wo eré ọmọ ọlọ́mọ láti àárọ̀ di ọ̀sán. Mo mọ ẹni tó fẹ́ràn yanrìn, mo mọ ẹni tó ń bẹ̀rù omi. Ní tìrẹ, ohun tí ìyá mi máa ń ní kí wọ́n bá òun kọ sí mi ni pé, "Àdùkẹ́ ń bẹ, ó ń jẹun, ó ń ṣeré." Mo máa ń kà á bí ẹni tó sọ abẹ́rẹ́ nù sílẹ̀. Eré wo? Pẹ̀lú ta ni? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Nígbà tí mo wá mú ọ, o kúnlẹ̀, o ní, "Ẹ káàbọ̀ mà, Màmá Bathurst." O ti ga. O ti ń gbálẹ̀, o ti ń fọ abọ́. Ọjọ́ orí eré yanrìn ti kọjá lórí rẹ. Mo bi ìyá mi léèrè, ó sì sọ fún mi pé nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ, o kò bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ìdí ògiri ilé kejì ni o máa ń dúró sí, wọ́n á pè ọ́, o kò ní lọ. Àwọn kan tilẹ̀ ní bóyá o yadi ni. Ọmọ aládùúgbò kan ló wá jókòó tì ọ́ lọ́jọ́ kan, kò sọ nǹkan kan, ó ń fi òkúta lọ ewé. Nígbà tó pẹ́, ìwọ náà mú òkúta.

Mo ní, "Ewé wo ni, Màámi?"

Ìyá mi wò mí. "Ewé wo báwo? Ewé ni ewé. Ìwọ ọmọ yìí, ìwé ti bà ọ́ jẹ́."

"Ẹ rántí dáadáa. Ṣé ewé ẹ̀fọ́ ni, àbí ewé igi?"

"Mo ní ewé ni! Ó ní omi nínú, ó ba aṣọ rẹ̀ jẹ́, èmi ni mo sì fọ̀ ọ́. Jẹ́ kí n gbádùn."

Ibi tí ó mọ nìyẹn. Ìyá mi ti lọ báyìí, kí Ọlọ́run forí jìn ín. Ìwọ náà kò rántí, mo ti bi ọ́ léèrè. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni mo ti rí tó ń lọ ewé láti ìgbà náà, mo sì máa ń dúró wo gbogbo wọn títí wọn yóò fi parí.

Àdùkẹ́, má dá Múfútáù padà kí ẹnìkan tó ráyè jókòó tì í. Ọjọ́ tí ó bá jẹ́ kí ọmọ mìíràn fọwọ́ kan ìdérí ìgò rẹ̀, wo ọwọ́ àwọn méjèèjì, gbọ́ ohun tí wọ́n sọ, kọ gbogbo rẹ̀ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀. Èyí tí o bá fi han ọ̀gá rẹ, fi hàn án. Lẹ́yìn náà, béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ bí lẹ́tà ṣe ń dé Àbíjàn, kí o tún un kọ sí ìyá ọmọ náà. Òun kò ní béèrè. Wọ́n ti sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ń ṣeré. Sọ àwọ̀ ìdérí ìgò náà fún un.

Èmi ni,
Ìyá rẹ